Hezekiah Olúwasanmí (1919–1983), Gíwá tó kó Yunifásítì Ifẹ̀ dé Ilé-Ifẹ̀

Láàrin àwa Ifẹ̀ tó wà ní agbègbè Atakpamé, láti Djama dé Gnagna àti Woudou, ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé Ilé-Ifẹ̀ ni orírun wa. Bí a bá dárúkọ ìlú náà, Odùduwà, Ọ̀rànmíyàn, àwọn ère idẹ àti ààfin Ọọ̀ni ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ̀ dáadáa, pàápàá àwọn tó ń ṣe ìwádìí láàrin wa. Ohun náà ni Yunifásítì tó wà ní ìlú náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasanmí ló jẹ́ Gíwá rẹ̀ láti 1966 dé 1975. Gíwá ni wọ́n ń pe olórí Yunifásítì ní Nàìjíríà, ẹni tí àwa ní Tógò ń pè ní recteur tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè kan ló jẹ́ kí a kọ ìtàn rẹ̀ síbí: ta ló ni Yunifásítì? Ṣé ìjọba tó ń sanwó rẹ̀ ni, àbí ìmọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀? Kí Olúwasanmí tó dé ibẹ̀, àwọn olùkọ́ ti pàdánù iṣẹ́ wọn nítorí ìṣèlú. Nígbà tó ń lọ, ìjọba ló mú òun náà kúrò. Ohun tó ṣe láàrin ìgbà méjèèjì yìí ni a fẹ́ rò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà

Wọ́n bí Olúwasanmí ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1919 ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n ń pè ní Abeokuta Grammar School. Láti ọdún 1932 ni Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ransome-Kuti yìí kan náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Ẹni tó bá mọ ìtàn Abẹ́òkúta mọ̀ pé ọ̀gá yìí kì í fi orí balẹ̀ fún aláṣẹ kankan, ìbáà ṣe òyìnbó, ìbáà ṣe ọba.

Láti Nàìjíríà, Olúwasanmí rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Morehouse College ní ìlú Atlanta ló kọ́kọ́ lọ, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Nígbà náà, òfin ìpínlẹ̀ Georgia ṣì ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun nínú ọkọ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé oúnjẹ. Benjamin Mays ni ààrẹ Morehouse, ọkùnrin tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ mọ́ ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Lẹ́yìn èyí ni Olúwasanmí lọ sí Yunifásítì Harvard, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé.

Ó padà sílé láti wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ Yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1948. Ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ẹ̀ka tirẹ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ó sì di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 1966, ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé Nàìjíríà jáde. Àwọn ará wa tó ní oko kòkó àti kọfí ní òkè Plateaux yóò mọ ohun tó ń wádìí: ọ̀nà tí owó tó ti ọwọ́ àgbẹ̀ wá ń gbà di owó ìjọba, àti èyí tó ń padà sí ọwọ́ àgbẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, òun náà ni wọ́n sì gbójú lé nígbà tí wọ́n fẹ́ dá Yunifásítì tiwọn sílẹ̀.

Yunifásítì tí wọ́n bí sínú ìjà

Ní 1960, ìgbìmọ̀ Ashby tí ìjọba Nàìjíríà gbé kalẹ̀ mú àbá wá lórí àwọn Yunifásítì tí orílẹ̀-èdè náà nílò. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fẹ́ dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n ní àwọn yóò dá tiwọn sílẹ̀. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1961. Ní oṣù Kẹ̀wàá ọdún 1962, akẹ́kọ̀ọ́ 244 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Orúkọ Ifẹ̀ ni Yunifásítì náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló wà, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Ajóṣe, oníṣègùn tó mọ̀ nípa ìlera gbogbogbòò, ni Gíwá àkọ́kọ́.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí tó wọlé ni ilé ti ń jó. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣe ìjọba ti pín sí méjì, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọ̀kan, S. L. Akíntọ́lá ní èkejì. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin da àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì kéde pàjáwìrì. Ní 1963, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n, Akíntọ́lá sì padà sórí àlééfà. Láti ìgbà náà, ojú tí ìjọba fi ń wo Yunifásítì yí padà. Wọ́n fẹ́ mọ olùkọ́ tó jẹ́ tiwọn àti èyí tí kì í ṣe tiwọn.

Àwọn tí kò gbà láti tẹ̀lé wọn san owó rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ níbẹ̀ nígbà náà, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Samuel Àlùkò, onímọ̀ ọrọ̀-ajé tí ẹnu rẹ̀ kò gbé sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìjọba, kúrò níbẹ̀, ó sì lọ kọ́ni ní Nsukka. Yunifásítì tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé: pé ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá sọ lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1965, ìgbìmọ̀ alákòóso Yunifásítì Èkó kọ̀ láti fi Eni Njoku sípò Gíwá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì yan Sàbúrì Bíòbákú dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà wọ inú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì gún Bíòbákú lọ́bẹ. Bíòbákú yè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo Yunifásítì Nàìjíríà lọ́dún náà lè rò pé bóyá kò ní sí èyí tí ìṣèlú kò ní gbé mì.

Àtúnṣe láti 1966

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá. Adékúnlé Fájuyì di gómìnà ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn. Òun náà kú ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n wá mú àlejò rẹ̀, olórí ìjọba Aguiyi-Ironsi. Nínú ọdún rúgúdù yìí ni Olúwasanmí gba ipò Gíwá Yunifásítì Ifẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé àwọn tí ìjà ìṣèlú ti fọ́nká rí ọ̀nà padà. Samuel Àlùkò padà wá láti Nsukka, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka ọrọ̀-ajé. Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, náà wá láti Nsukka. Àlùkò kò yí ohùn rẹ̀ padà. Àríwísí rẹ̀ sí ọ̀nà tí ìjọba ń gbà ná owó kò dínkù, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ifẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí Olúwasanmí fi jẹ́ Gíwá.

Ohun kejì ni pé ó kó Yunifásítì náà lọ sí ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967, wọ́n ṣí kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, sórí ilẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí Ifẹ̀ yọ̀ǹda ní àsìkò Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ló ya àwòrán ọgbà náà. Ó kọ́ àwọn ilé náà bí ojú ọjọ́ wa ṣe rí. Òkè àwọn ilé kan fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, kí ti òkè lè ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú wọn kọjá. Wọ́n fi orúkọ Mọrèmi, Fájuyì àti Awólọ́wọ̀ pe ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Lójú tiwa, ìṣípòpadà yìí ju ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ lọ. Ìbàdàn ni ìjọba wà. Níbẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀, ọ́fíìsì àwọn mínísítà àti ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Yunifásítì tó ń gbé nínú ilé àyálò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọba kò lè ṣe kó má gbọ́ ohùn onílé. Ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì ní ilẹ̀ tirẹ̀, ilé ìkàwé tirẹ̀ àti oko ìwádìí tirẹ̀. Owó ṣì ń ti Ìbàdàn wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ilé tirẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn.

Ìmọ̀ ní èdè àti àṣà ẹni

Ohun tí Yunifásítì fi òmìnira rẹ̀ ṣe ló yẹ kó dùn mọ́ ẹgbẹ́ bíi tiwa jù. Gbólóhùn tí wọ́n fi ṣe àmì Yunifásítì náà ni pé ó wà fún ìmọ̀ àti fún àṣà. Nígbà Olúwasanmí, wọ́n fi iṣẹ́ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Michael Crowder, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, darí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa Áfríkà, lẹ́yìn rẹ̀ ni Ulli Beier. Wọ́n dá ibùdó àṣà Orí Olókun sílẹ̀ ní 1968. Kì í ṣe inú ọgbà Yunifásítì ni wọ́n gbé e sí, àárín ìlú ni, ní Arúbídì. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti kọ́kọ́ gbé eré rẹ̀ The Gods Are Not to Blame jáde lọ́dún yẹn kan náà, ìtàn ọba Gíríìkì ayé àtijọ́ tó sọ di ti ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ará ìlú wọlé wò ó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ní apá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, Ifẹ̀ ni Yunifásítì àkọ́kọ́ tó fún àwọn apòògùn ní oyè dìgírì ní Nàìjíríà. Wọ́n dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ti Fáfúnwá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Gẹ́gẹ́ bí ètò ìjọba, ọdún mẹ́ta péré ni ọmọ máa ń fi kẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá, lẹ́yìn náà ni wọn yóò yí gbogbo rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Ifẹ̀ ní kí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa yóò máa kọ́ wọn. Wọ́n kọ ìwé fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà wọ́n fi àwọn ọmọ yìí wé àwọn tó gba ọ̀nà àtijọ́. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ohun tí ìwádìí yìí sọ kò bá ohun tí ìjọba àti ọ̀pọ̀ òbí gbà gbọ́ mu. Níbí ni ẹ ti lè rí ìdí tí òmìnira onímọ̀ fi ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò wọ Yunifásítì rí. Bí a bá ní olùkọ́ ní láti gba àṣẹ kó tó béèrè irú ìbéèrè yìí, kò ní béèrè rẹ̀. Àwa ní Tógò mọ bí ọ̀rọ̀ èdè ṣe wúwo tó. Nígbà tí ìjọba ṣe àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ní 1975, Éwé àti Kabiyè ni wọ́n yàn fún ilé ẹ̀kọ́. Ìdánwò Modákẹ́kẹ́ jẹ́ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè gbé kalẹ̀ fún èdè Ifẹ̀ tiwa, ẹ̀rí náà sì wà nítorí pé Yunifásítì kan jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ wádìí.

Ọdún 1975

Kí a má ṣe àsọdùn, ìgbà ológun ni gbogbo ọdún tí Olúwasanmí lò. Ogun abẹ́lé jà láti 1967 dé 1970. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1971, ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1973, àwọn olùkọ́ Yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Ìjọba Gowon dá wọn lóhùn pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò nínú ilé Yunifásítì. Wọ́n padà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1975, àwọn ológun mìíràn lé Gowon kúrò, Murtala Mohammed sì di olórí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dànù. Iye àwọn tó pàdánù iṣẹ́ lé ní 10,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ààyè rojọ́. Wọn kò dá Yunifásítì sí. Wọ́n mú àwọn Gíwá kúrò, Olúwasanmí sì wà lára wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ gba Yunifásítì Ifẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Òjètúnjí Abóyadé, òun náà onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ló rọ́pò rẹ̀.

Báyìí ni ẹni tó mú àwọn tí ìjọba lé padà sílé ṣe di ẹni tí ìjọba yọ nípò. Ó ti kọ́ ilé, ó ti kó onímọ̀ jọ, ó ti fi ọdún mẹ́sàn-án fi hàn pé Yunifásítì lè dúró. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin. Ẹni tó yàn án lè yọ ọ́, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìwà rere olórí kan lè dáàbò bo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àní kò lè dáàbò bo òun fúnra rẹ̀.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún ibẹ̀ ṣe. Ní 1978, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ ASUU sílẹ̀, òmìnira Yunifásítì sì wà lára ohun tí wọ́n ti ń bá ìjọba fà láti ìgbà náà. Ní 2003, òfin kan jáde tó fún ìgbìmọ̀ alákòóso Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní agbára láti yan Gíwá tirẹ̀, tó sì là á kalẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìlànà kí wọ́n tó lè yọ Gíwá. Olúwasanmí ti kú ní ogún ọdún ṣáájú èyí.

Ní ìhà tiwa, wọ́n dá Yunifásítì Lomé sílẹ̀ ní 1970, Université du Bénin ló ń jẹ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹ̀wàá ọdún 1990, ìgboro Lomé dàrú nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n pín ìwé tó tako ìjọba. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń gbèrú títí ó fi di àpérò orílẹ̀-èdè ní 1991. Nítorí náà, ìtàn tí a rò yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan.

Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀

Hezekiah Olúwasanmí kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1983, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ní 1987, lẹ́yìn ikú Awólọ́wọ̀, wọ́n yí orúkọ Yunifásítì náà padà sí Obafemi Awolowo University. Ṣùgbọ́n orúkọ Olúwasanmí ló wà lára ilé ìkàwé tó wà láàárín ọgbà náà títí di òní.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bá lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti wá orírun wa kò ní ṣàì lọ sí ààfin àti sí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Kó lọ sí ilé ìkàwé yìí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn onímọ̀ kọ nípa Ifẹ̀, nípa èdè wa àti nípa bí àwọn èèyàn wa ṣe tàn ká dé ilẹ̀ Benin àti Tógò, ibẹ̀ ni yóò ti bá wọn. Àwọn tó kọ wọ́n kò ní láti béèrè lọ́wọ́ ìjọba bóyá wọ́n lè kọ ọ́.